Màmá Peter Kò Ní Lè Wá Wo Eré

Bí òjò bá ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ ní Lokoja, tí odò ti kún dé ibi tó wù ú, tó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, àwọn kan a máa wo ojú ọ̀run, àwọn kan a máa gbọ́ rédíò. Àwa tí à ń gbé ní Adankolo, ẹnu géètì Màmá Peter là ń wò. Ibẹ̀ ni páálí funfun kan ti máa ń jáde ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án lọ́dọọdún, tí a fi máákà dúdú kọ, tí a fi ọ̀rá bò nítorí òjò tó kù lójú ọ̀run. Gbogbo eré orí ìtàgé tó ń bọ̀ nílùú yìí títí di Kérésìmesì ló máa ń wà lórí rẹ̀: ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe é, àti ohun tí Màmá Peter fúnra rẹ̀ rí sí i.

Èmi ni mò ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì nínú ilé náà. Ṣàmsíátù lorúkọ mi, ọmọ Oworo ni mí, inú mi sì máa ń tètè ru. Mo sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ò mọ̀.

Martha ni wọ́n ń pe Màmá Peter nílé bàbá rẹ̀ ní Kàbà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ìjọba, nínú yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, kó tó fẹ̀yìntì. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, kò jẹ́ fọwọ́ sí fáìlì tí kò kà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe sí eré. Eré tí kò bá tíì jókòó wò níbi ìdánrawò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ní dé orí páálí rẹ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ọba ló kọ ọ́. Láti Oṣù Kẹjọ ni yóò ti máa wọ kẹ̀kẹ́ kiri, tìmùtìmù ìjókòó lábẹ́ apá, ẹ̀pà nínú báàgì. Á lọ sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Karaworo, á lọ bá àwọn oníjó ní Paparanda. Wọn kì í pè é. Wọ́n á kàn rí i pé ó ti jókòó.

Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ fún yín nínú ti ọdún yìí. “Odò Kún Dé Ilé Àna. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Adankolo. Ẹ̀rín wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ má jókòó níwájú, omi gidi ni wọ́n ń dà.” “Ọ̀rọ̀ Dé Kóòtù. Ẹ jẹun kí ẹ tó lọ, ó gùn.” “Ijó àwọn Nupe àti Igala ní Paparanda. Ẹ gbé àga yín dání. Ẹ má bèèrè ìtumọ̀, ẹ ṣáà máa wò.” “Ìbí Olúwa, Karaworo. Jósẹ́fù ti ọdún yìí mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju ti èṣí lọ. Àwọn áńgẹ́lì pọ̀ jù.”

Àwọn ọ̀dọ́ á yà á ní fọ́tò, wọ́n á fi ránṣẹ́ lórí wàsáàpù. Àwọn tí kò mú awò ojú dání, Ọ̀gá Alfred, awakọ̀ ìjọba tó ti fẹ̀yìntì tó ń gbé ní òdìkejì títì, á dúró kà á fún wọn sókè. Ibi tí páálí bá ní kí a lọ là ń lọ, nítorí a mọ̀ pé a ó bá Màmá Peter níbẹ̀. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sí eré kan tó kọ sórí páálí tí kò lọ wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí ará àdúgbò ò mọ̀. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n ní kó ṣe olorì nínú eré ìparí ọdún. Bàbá rẹ̀ ti oko wá, ó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dání, wọ́n jókòó níwájú. Martha jáde, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ní òun dúró, òun ń wo bàbá òun, bàbá òun ń wo òun. Ó ní òun sá, tòun ti adé páálí lórí, òun ò dúró àfi lórí bẹ́ẹ̀dì òun. Bàbá rẹ̀ kò bá a wí o. Kò tilẹ̀ dárúkọ ọjọ́ náà títí tó fi kú, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Láti ìgbà náà ló ti lọ bá àwọn tó ń wòran jókòó.

Mo mọ ìtàn yìí nítorí pé nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Àárín Oṣù Kẹsàn-án ni. Mò ń wọn apá bùbá rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Tóbilọ́ba wọlé. Tóbilọ́ba yìí ni olùdarí ẹgbẹ́ eléré kékeré kan tó ń lo gbọ̀ngàn tó wà nítòsí Paparanda. Ó ní Bridget, tó ń ṣe Ìyá Àgbà nínú eré òun, ti ríṣẹ́ sí Abuja, ó sì ti lọ. Eré ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ó wo Màmá Peter, ó wo ilẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ ṣàánú mi, Mà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lẹ ti wá wo ìdánrawò wa. Ẹ mọ eré náà ju èmi tí mo kọ ọ́ lọ.”

Màmá Peter ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tí Tóbilọ́ba jáde tán ló sọ ọ̀rọ̀ adé páálí yẹn fún mi, téèpù mi ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Inú mi ru. Mo ní, “Màmá, ṣé nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí mi lẹ ò ṣe ní ṣe é? Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ síta fún gbogbo Lokoja pé Jósẹ́fù èṣí ò mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀!”

“Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù,” ló dáhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣàmsíátù, mo fẹ́ ṣe é. Kí n tó kú, mo fẹ́ dúró níwájú èèyàn kí n sọ ọ̀rọ̀ mi tán.” Àánú rẹ̀ ṣe mí débi pé mo kọ òǹkà apá bùbá náà sí ibi tó yẹ kí n kọ ti ọrùn sí.

Bó ṣe gbà á nìyẹn. Àwo Kan Ṣoṣo lorúkọ eré náà. Ìyá Àgbà ní ọmọkùnrin méjì tí wọ́n ń jà nítorí ilẹ̀, ó wá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó ní òun ò ní fẹnu kan oúnjẹ títí àwọn méjèèjì yóò fi jẹun pọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀mí eré náà. Lójoojúmọ́ ló ń wá jókòó tì mí nídìí maṣíìnì, á máa kà á lórí. Ó mọ tirẹ̀, ó mọ tàwọn ọmọ, ó mọ ti ajá tó gbó lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìkélé. Ó sì bẹ Tóbilọ́ba pé kó má kọ orúkọ òun sórí pósítà. Èmi náà, ó mú mi búra pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìparí Oṣù Kẹsàn-án dé, páálí jáde. Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sáré lọ wò ó. Gbogbo ọjọ́ ló pé. Nígbà tí mo dé Sátidé kejì nínú Oṣù Kọkànlá, ọjọ́ eré wa, ohun tí mo rí ni: “Lọ́jọ́ yìí, mi ò ní lè wá wo eré.” Kò sí orúkọ eré, kò sí gbọ̀ngàn, kò sí nǹkan kan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bínú! Mo ní, “Màmá, kí lèyí? Tóbilọ́ba ti ná gbogbo owó rẹ̀. Bí gbọ̀ngàn bá ṣófo, ta ni yóò tún yá a fún un?”

“Òfin ni òfin,” ló wí. “Eré tí èmi fúnra mi wà nínú rẹ̀, tí mi ò lè jókòó wò, ṣé mo wá lè ní kí èèyàn lọ wò ó?”

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. Kì í ṣe òfin ló ń sọ, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí èèyàn ò bá wá, kò sẹ́ni tí yóò rí i bó bá sá. Mo kó abẹ́rẹ́ mi, mi ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá fún mi, mo jẹ ẹ́, ìjà parí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí páálí náà dá sílẹ̀. Ọ̀gá Alfred ka ìlà yẹn sókè lẹ́ẹ̀kan, ó nu awò rẹ̀, ó tún un kà. Màmá Peter kò ní lè wá wo eré? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọ́n bi í, ó ní, “Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ ṣe ni.” Ó wá jẹ́ pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ nítorí ìpayà, ó ti rù díẹ̀. Bó bá sì ń rìn lọ lójú títì, ẹnu rẹ̀ á máa lọ wúyẹ́wúyẹ́: ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà ló ń kà. Àwọn tó pàdé rẹ̀ mi orí. Kí Oṣù Kẹwàá tó parí, àdúgbò ti fohùn ṣọ̀kan pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Sátidé ọjọ́ náà, pé kò kàn fẹ́ kó ìdààmú bá ẹnikẹ́ni ni. Èmi tí mo mọ òtítọ́, mo ti búra.

Sátidé dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni eré. Màmá Peter ti bá Tóbilọ́ba lọ láti aago kan, ó ku èmi nílé, mò ń ká etí ìró tí yóò ró lórí ìtàgé. Nígbà tí mo máa fi gbójú sókè, àgbàlá ti kún. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú kúlà ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn obìnrin asálátù wa gbé ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ra mọ́líìtì. Ọlọ́kadà méjì àti oníkẹ̀kẹ́ kan tó máa ń gbé e lọ síbi ìdánrawò dúró ní ẹnu géètì.

“Madam, wetin really do Mama?” ni oníkẹ̀kẹ́ náà bi mí. “E no tell person anything.”

Ní ilẹ̀ wa, bí a kò bá rí ẹni tí a máa ń rí, àìsàn ni, a kì í sì í lọ kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ṣé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ ọ̀run tó lè gba Sátidé lọ́wọ́ èèyàn. Mo la ẹnu láti pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n gbé ẹ̀kọ wọn lọ. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti bọ́ sí mi lórí. Mo ní, “Kò sí nílé. Ibi tó dùbúlẹ̀ sí ni mò ń lọ yìí. Ẹ máa bọ̀.”

Mi ò purọ́. Orí ẹní ló fẹ́ lọ dùbúlẹ̀ sí lóòótọ́.

Bí gbọ̀ngàn Tóbilọ́ba ṣe kún nìyẹn. A rìn wọlé bí ẹni tó ń lọ wo ọlọ́mọ tuntun, tẹ̀kọ tọsàn. Nígbà tí Tóbilọ́ba gun àga, tó sọ fún wọn pé eré ni, àti pé ara Màmá Peter le koko, ṣe ni ariwo sọ. Ọ̀gá Alfred rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde lọ. Wọ́n gbé ẹ̀kọ sórí itan wọn, wọ́n ní kí eré bẹ̀rẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ ò dùn ni Màmá Peter. Ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́tìnì, ó rí gbogbo ayé rẹ̀ níjókòó. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ṣàmsíátù, ìwọ lo pa mí.” Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tí mo ṣe. Mo ti kó èèyàn jọ láti wá wo ohun tó ti ń sá fún láti bí ogójì ọdún ó lé.

Kọ́tìnì ṣí. Ó wà lórí ẹní, ìró mi lára rẹ̀. Marvellous, tó ń ṣe ọmọ àgbà, kúnlẹ̀ tì í. “Ìyá, ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ò fẹnu kan oúnjẹ.”

Ìyá Àgbà ló yẹ kó dáhùn. Kò dáhùn. Marvellous tún un sọ. Kò sí nǹkan kan. Tóbilọ́ba ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti ẹ̀yìn ìkélé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti lọ síbi tí etí ò sí. Mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lábẹ́ ìró, ó ti ń wá ilẹ̀ tí yóò fi dìde. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ sá. Mo bẹ Ọlọ́run.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ṣí. Bàbá Òjó ló wọlé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta iṣu fún Màmá Peter láti abúlé wa. Wọ́n ti gbé ìròyìn àìsàn náà dé oko. Ó ti kọ́kọ́ dé ilé, aládùúgbò kan ló júwe ibí fún un. Ó gbé iṣu mẹ́ta tí a fi okùn so lé èjìká, fìlà oko lórí. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gba àárín èèyàn kọjá, ó gun orí ìtàgé, ó sọ iṣu kalẹ̀, ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní.

“Òkun o, Martha.”

Ẹnu Màmá Peter là fúnra rẹ̀. Ìkíni ilẹ̀ wa nìyẹn, láti Kàbà dé Oworo: ta ni wọ́n ń kí lókun tí kì í dáhùn? “Òkun, Bàbá.”

“Wọ́n ní ara rẹ ò yá. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo tún ti gbọ́ lẹ́nu ọmọ yìí pé o ò jẹun. Kí ló dé?”

Ó wò ó. Ó yí ojú sí Marvellous àti èkejì rẹ̀. Mo rí i tí ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn padà sínú ìró.

“Bàbá, báwo ni n ó ṣe jẹun?” Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà ó dúró. “Ọmọ méjì ti inú mi jáde, wọn ò lè ti inú àwo kan jẹun. Àwo tí wọ́n pín sí méjì yẹn, ọkàn mi ni wọ́n là. Ẹ gbé oúnjẹ yín kúrò níbí. Ọjọ́ tí wọ́n bá jọ bu òkèlè ni n ó bu tèmi.”

Ọ̀rọ̀ eré nìyẹn, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. “Bàbá” nìkan ló fi kún un.

Bàbá Òjó kọjú sí àwọn ọmọ náà. “Ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìyá yín báyìí?” Marvellous gbàgbé pé eréṣíṣe ni, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Gbọ̀ngàn fọ́ fún ẹ̀rín àti àtẹ́wọ́. Bàbá ò sì dìde, nítorí ẹni tó wá kí aláìsàn kì í kí i lóòró. Ó jókòó síbẹ̀ títí eré fi parí, gbogbo ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà, òun ni Màmá Peter kọjú sí tó ń sọ ọ́ fún. Nígbà tí wọ́n gbé àwo ìlàjà jáde níkẹyìn, Bàbá bá wọn jẹ níbẹ̀.

Ẹ má rò pé kò mọ ibi tó wà o. Nígbà tí mo bi í, ó pòṣé. “Ṣé o rò pé mi ò mọ eré ni? Mo rí i pé eré ni. Ṣùgbọ́n èèyàn dùbúlẹ̀ sórí ẹní, gbogbo yín jókòó tẹ́ ẹ̀ ń wò ó, kò sẹ́ni tó kí i. Irú eré wo nìyẹn?”

Ọjọ́ náà, a jẹ ẹ̀kọ, a mu mọ́líìtì, a jó yí Màmá Peter ká títí ó fi rẹ̀ wá. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń bá a tú ìró, ó yíjú sí mi. “Ọ̀la ńkọ́?” ló wí. Nítorí wọ́n máa tún eré náà ṣe lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Bàbá Òjó sì ti ń padà sóko. Àwa méjèèjì mọ̀ pé Bàbá ló gbà á là.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èèyàn pọ̀ ju ti àná lọ, àwọn kan dúró lójú fèrèsé. Kọ́tìnì ṣí. Marvellous kúnlẹ̀. “Ìyá, ó di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ò fẹnu kan oúnjẹ.”

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Mo wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Marvellous wo Tóbilọ́ba, Tóbilọ́ba la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Èmi, mo ti fi ọwọ́ bo ojú. Ẹnì kan wúkọ́ níwájú, wọ́n ní kó dákẹ́. Nígbà náà ni Màmá Peter rọra dìde jókòó lórí ẹní, ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó wò wọ́n láti ọ̀tún dé òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò kọsẹ̀, kò sáré, àwọn tó wà lójú fèrèsé gbọ́ ọ.

Nígbà tó parí, mo sáré bá a lẹ́yìn kọ́tìnì, inú mi ru, omi sì wà lójú mi. Mo ní, “Màmá! Ẹ fẹ́ pa mí ni? Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà tún ti lọ.”

“Ó wà níbẹ̀,” ló wí, ó ń nu òógùn ọrùn rẹ̀. “Mo kàn ní kí wọ́n dúró dè mí díẹ̀ ni.”